Ìfura Nínú Ilé Wèrè: Bí Mo Ṣe Ka Ìwé Ojoojúmọ́ Lima Barreto

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka Diário do Hospício, ìwé ojoojúmọ́ tí Lima Barreto kọ nígbà tí wọ́n tì í mọ́ ilé wèrè ní Rio de Janeiro, ń kà á bí ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ń wá ẹ̀rí nípa ọtí nínú rẹ̀, wọ́n ń wá ẹ̀rí nípa òṣì, àti nípa ojú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn dúdú ní Bràsíl lẹ́yìn tí oko ẹrú parí. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù ba Lima Barreto nínú ilé yẹn, ó sì fura sí àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìfura náà kì í ṣe ara àìsàn rẹ̀. Làákàyè ló fi ṣe é. Ó mọ ẹni tó ń fura sí, ó mọ ẹni tí kò fura sí, ó sì lè sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi yìí bá dúró, ó yẹ kí a tún ojú tí a fi ń wo ẹ̀rù aláìsàn ṣe, nínú ìwé kíkà àti ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tiwa níhìn-ín.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan ní Rio. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń jẹ́ da Silva tàbí Paraíso kò ní bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà, tí àwọn Àgùdà kọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. N kò sọ pé Nàgó ni Lima Barreto. Mo ń sọ pé ìlú tí ó ti ṣàìsàn, àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa wà lára àwọn tó kọ́ ọ, àti pé ọkùnrin tó ṣe olórí ilé wèrè náà, Juliano Moreira, ọmọ dúdú láti Salvador ti Bahia ni, ìlú tí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Nàgó kò tíì kú lẹ́nu àwọn olórìṣà rẹ̀.

A bí Lima Barreto ní May 13, 1881. Ọjọ́ náà gan-an, ní ọdún méje lẹ́yìn náà, ni wọ́n fi òfin parí oko ẹrú ní Bràsíl. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀. Nígbà tí ìjọba ọba ṣubú ní 1889, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí òmíràn ní ibùdó àwọn wèrè ní Ilha do Governador. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti máa ń lo ìsinmi rẹ̀, láàárín àwọn aláìsàn tó ń roko, tó ń bọ́ ẹran. Ní 1902, orí bàbá fúnra rẹ̀ dàrú, ọmọ náà sì di ẹni tó ń bọ́ gbogbo ilé pẹ̀lú owó oṣù kékeré tí iléeṣẹ́ ogun ń san fún akọ̀wé. Nítorí náà, kí ọlọ́pàá tó gbé e dé ilé wèrè, ó ti mọ ilé wèrè láti ẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìtàn. Nínú Triste Fim de Policarpo Quaresma, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1911, akọni ìtàn náà kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fi Tupi, èdè àwọn onílẹ̀, ṣe èdè ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ ilé wèrè. Àwa tí a ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí Faransé ti ń ṣe òfin, kí a rọra fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbà á sí Hospício Nacional: ní 1914, àti láti December 25, 1919 títí di February 2, 1920. Ìgbà kejì ni ìwé ojoojúmọ́ wà fún. Orí pépà tó tú káàkiri ló kọ ọ́ sí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti kú kí ìwé náà tó di títẹ̀, pẹ̀lú ìtàn àròsọ tí kò parí, O Cemitério dos Vivos, tó fẹ́ fi àwọn àkọsílẹ̀ náà kọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu nínú ìwé náà ni pé kì í ṣe ilé wèrè ni ó kọ́kọ́ ń dà á láàmú. Ó sọ ọ́ gbangba pé ilé náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ òun lẹ́nu. Ọlọ́pàá tó ń ti ẹnu bọ ìgbésí ayé òun ni òun kò fẹ́. Ọlọ́pàá ló gbé e wá. Ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí, wọ́n fún un ní ife tíì mate kan, wọ́n sì fi í sórí bẹ́ẹ̀dì koríko pẹ̀lú aṣọ ìbora tó ti gbó, nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò kígbe níbẹ̀. Ó kan ń to nǹkan náà lẹ́sẹẹsẹ: ife, koríko, aṣọ, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Ẹni tí ẹ̀rù àìsàn ń bà kì í sábà ka nǹkan báyìí. Ẹni tó ń ṣọ́nà ló ń kà á.

Yorùbá ní ìfura loògùn àgbà. A tún ní àjà kò fura, àjà jìn. Nínú èdè wa, ẹni tó fura kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò fura ni a ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kọjá ẹnu géètì ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ọ̀rọ̀ kan náà yí padà mọ́ ọn lára. Ohun tí ń ṣe oògùn fún àgbà ní ìta di àmì àrùn ní inú. Àbúrò ìyá mi kan wà tí wọ́n gbé lọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Àwọn àgbà ilé sọ fún un pé ọjà Ìfọ̀nyìn ni wọ́n ń lọ. Ó wọ aṣọ ọjà, ó gbé agbọ̀n dání. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ọkùnrin méjì ló dì í lápá mú. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé omi àti oògùn wá fún un, ó ní òun kò ní mu ún, nítorí òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ ní èdè Faransé pé ó jẹ́ méfiante, pé ó ń kọ ìtọ́jú. Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà. Agbọ̀n nìkan ni kò sí nínú fáìlì.

Mo sọ èyí nítorí pé ohun tí fáìlì fi sílẹ̀ ni ìwé Lima Barreto kọ sílẹ̀. Dókítà kọ pé ọtí ni, ó sì tọ̀nà. Lima Barreto fúnra rẹ̀ kò jiyàn, ó gbà pé òun mutí, ó gbà pé òun rí ohun tí kò sí. Ìwé ojoojúmọ́ náà kò bá fáìlì jà lórí àrùn. Orí ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ló ti ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ìwẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé náà ti jinlẹ̀ jù lọ lójú mi. Wọ́n ní kí ó fọ fàráńdà, kí ó fọ ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi omi tó ń ta bí pàṣán wẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ló wà níhòòhò, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ojú tì í. Ó ní nígbà tí òun ń da omi sílẹ̀, òun sunkún. Lẹ́yìn náà ó rántí Dostoevsky àti ìwẹ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀ nípa ẹ̀wọ̀n Siberia, ó rántí Cervantes tó ṣe ẹrú ní Algiers, ó sì ronú pé ìyà tiwọn ti ní láti ju tòun lọ. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa sọ pé ìgbéraga ni èyí, pé ọkùnrin tó wà níhòòhò ń fi ara rẹ̀ wé àwọn àgbà òǹkọ̀wé. N kò gbà. Nínú ilé tí kò ti sí ẹni tó lè fọkàn tán, ó ń wá ẹni tó lè fọkàn tán, àwọn tó sì rí ni òkú tó ti kọ̀wé. Wọn kò lè fi í sùn. Wọn kò ní fáìlì lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ṣàìsàn láàárín àjèjì rí yóò mọ irú ìbákẹ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríkì ilé rẹ̀ tàbí orin ìyá rẹ̀ ni yóò rántí dípò Cervantes.

Ìtìjú àti ẹ̀rù wà pọ̀ níbẹ̀, ó sì dára bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí ni ọ̀rọ̀ gbogbo. Bí wọ́n bá lè ṣí ilẹ̀kùn sí ìhòòhò rẹ, kí ni wọn kò lè ṣe sí ọ?

Lẹ́yìn èyí ni a mú un dé iwájú Juliano Moreira. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kúrú, ìlà díẹ̀ ni. Olórí náà gbà á pẹ̀lú ìfẹ́ bí ti bàbá, kò bá a wí, ó ní kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì bi í pé ibo ni yóò fẹ́ wà. Lima Barreto ní apá tí wọ́n ń pè ní Calmeil ni. Wọ́n sì mú un lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ibi ìkówèé wà, ibẹ̀ ló sì ti ń kàwé. Kò sí oògùn kankan nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ìjókòó kan àti ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀. Nílé wa, ẹni tí àgbà bá ní kí ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ ni wọ́n pe òun sí. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún ní ilé ìwẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ìfura rẹ̀ sì rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó sọ nípa dókítà Henrique Roxo. Ó ní ó gbọ́n, ó ní ó ń kàwé, ó ní olóòótọ́ ni. Síbẹ̀ ọkàn òun kò fà mọ́ ọn. Ìdí tó fún wa ni pé Roxo jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ dá lójú jù, tó ń fojú kéré iṣẹ́ ọpọlọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ìwé sì gbà lọ́kàn ju ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Orí ìpínrọ̀ yìí ni mo gbé èrò mi kà. Irú ìfura wo ni èyí tó kọ́kọ́ ka ìwà rere ẹni tó ń fura sí? Ó wọn ọkùnrin náà bí oníṣòwò ṣe ń wọn àgbàdo, ó ní èyí pé, ó ní èyí kò pé. Ẹni tí àrùn ń mú fura kò ní sùúrù òṣùwọ̀n.

Àwọn kan yóò ní nítorí pé dúdú ni òun àti Moreira ni ó ṣe fọkàn tán an. Àlàyé náà rọrùn jù fún mi. Òótọ́ ni pé Moreira kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ tàbí ooru ilẹ̀ wa ló ń fa wèrè. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ti yapa sí Nina Rodrigues, dókítà Bahia tó kọ nípa ẹ̀sìn àwọn Nàgó, tó sì ka àwọn ènìyàn dúdú sí ẹ̀yà tó rẹlẹ̀. Ó sì tún jẹ́ òótọ́ pé Moreira ló mú irin kúrò lójú fèrèsé ilé náà, tó sì pa aṣọ ìdè tì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, kò sí ìkankan nínú èyí tí Lima Barreto fi ṣe ìdí. Ìjókòó náà ló kọ.

Ibìkan tún wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú kà. Níbẹ̀ ó ní ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni pé dókítà tí wọ́n gbé lé ènìyàn lórí ni ènìyàn ń gbà, ẹni tí ènìyàn lè máà gbẹ́kẹ̀ lé rárá. Ó tẹ̀ síwájú pé bí ọlọ́pàá bá ti di alágbàtọ́ aláìsàn, dókítà tó dára jù pàápàá kò ní rí i bí ènìyàn mọ́. Bí aláìsàn náà bá sì kọ̀ pé kí wọ́n má fi ara òun kọ́ṣẹ́, kíkọ̀ náà yóò dà bí ọ̀tẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n lójú wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ń sọ bí ilé ṣe rí. Ẹni rere lè wà nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ilé náà ni kò fi àyè sílẹ̀ fún ìgbẹ́kẹ̀lé. Èmi kò tíì rí ibi tí a ti sọ èyí kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí gbé ilé oníṣègùn tàbí ibùdó àdúrà ga ju ilé ìwòsàn lọ. A mọ ohun tó wà níbẹ̀. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ kúrò nínú ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹkẹ̀ àti lára igi tí wọ́n so wọ́n mọ́, títí dé ilẹ̀ wa níhìn-ín àti Togo. Ẹni tí wọ́n so mọ́ igi náà ń fura, kò sì sí fáìlì tí ẹnikẹ́ni yóò kọ ọ́ sí.

Mo ti yin ìwé yìí tó. Àléébù rẹ̀ tóbi, ó sì wà níbi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Ìfura tirẹ̀ ní ìdí. Ìfura àwọn yòókù kò ní. Nígbà tó dé apá Pinel, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tálákà tí ọlọ́pàá kó wá sí, ó rí ọ̀pọ̀ ara dúdú níhòòhò, àwọ̀ náà sì gba ojú rẹ̀ débi pé kò rí àwọn tó kù mọ́. Ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ló rí. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi pé, Ìwọ, ta ni ìwọ ń bẹ̀rù níhìn-ín? Bákan náà ni ọkùnrin tó gun òrùlé ilé náà, tó ń fa páànù amọ̀ tu, tó ń sọ ọ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Lima Barreto kọ ọ́ dáadáa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ló wà, láàárín àwọn tó ń wòran. Ẹni tó sọ fún wa pé kíkọ̀ aláìsàn máa ń dà bí ọ̀tẹ̀ lójú aláṣẹ, òun náà wo kíkọ̀ ẹlòmíràn bí ìran. Wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Òun tó jẹ́ ọmọ bàbá tí orí rẹ̀ dàrú, tó sì mọ ìdajì kejì òwe náà ju ẹnikẹ́ni lọ, ìdajì àkọ́kọ́ ló kọ lọ́jọ́ náà.

Bí ó ti rí náà, ìwé ojoojúmọ́ ṣì sàn lọ́wọ́ mi ju ìtàn àròsọ tó fà jáde lára rẹ̀. Nínú O Cemitério dos Vivos, ó sọ ara rẹ̀ di Vicente Mascarenhas, ó fún un ní ìyàwó kan, Efigênia, tó ti kú, àti ẹ̀bi tó ń jẹ ọkọ lọ́kàn nítorí rẹ̀. Lima Barreto kò gbéyàwó rí. Ìyàwó náà tilẹ̀ ti yọ́ wọ inú ìwé ojoojúmọ́ ní ibi díẹ̀, kí àwọn òpìtàn tó ń fi í ṣe ẹ̀rí kíyè sí i. Ohun tí Efigênia bà jẹ́ ni pé ẹ̀rù wá di ọ̀rọ̀ àárín ọkùnrin kan àti ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n a kò tún fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́, torí pé ìbànújẹ́ ọkọ ti gba iwájú. Ìtàn tó dùn ni. Kò gé ènìyàn lára bí ti àkọsílẹ̀.

Mo ń túmọ̀ díẹ̀ nínú ìwé náà sí Yorùbá fún kíláàsì, ọ̀rọ̀ méjì ló sì ń dá mi dúró. Àkọ́kọ́ ni orúkọ ilé náà. Ilé wèrè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kí n yọ, kí n fi ilé ìwòsàn sí i, torí pé ọ̀rọ̀ náà ń bú ènìyàn. N kò yọ ọ́. Ìbú náà wà lára ohun tó ń bẹ̀rù. Èkejì ni medo, tí Potogí fi ń pe gbogbo ẹ̀rù. Àwa ní ẹ̀rù, a ní ìjayà, a ní ìfòyà, a sì ní ìbẹ̀rù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀wọ̀, irú èyí tí a ń ní fún ọba. Ní ilé àyẹ̀wò, ìjayà ni mo lò. Ní ilé ìwẹ̀, mo lo ẹ̀rù, mo sì fi ìtìjú tì í. Níwájú Roxo, mo kọ ìfura, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Potogí kò lo ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó tọ́ka sí ẹ̀rù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ka ìtumọ̀ náà pẹ̀lú mi ní mo ti sọ ju ohun tí òǹkọ̀wé sọ lọ. A ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.